Mo padà sí Àgbádárìgì nígbà tí kò sí àlejò níbẹ̀

Ọmọ_Oníṣu (Kàbà)

Okun o, gbogbo ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti Àgbádárìgì dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ròyìn fún àwọn ará ilé mi, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, bóyá ẹni tó ti débẹ̀ rí á bá mi dá sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀ ṣáájú èyí. Oṣù Kejìlá 1988 ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá mi ń wa lọ́rì iṣu nígbà náà, láti Kàbà gba Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ já sí Ọ̀rẹ̀, ó di Èkó. Lọ́dún yẹn, ẹni tó ni iṣu ní kí wọ́n gbé apá kan dé Àgbádárìgì nítorí ọjà ọdún, bàbá mi sì gbé mi síwájú ọkọ̀. Ohun tí mo rántí kò pọ̀. Èrò bí eṣú létí omi. Sàngbétò, eégún àwọn Ègùn, tó ń yí bí òkòtó, tí mo sá sẹ́yìn bàbá mi. Àgbọn tútù kan tí wọ́n bẹ́ lórí fún mi, tí omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá mi. Àti ìgò ọtí òfìfo tí bàbá mi fi bu omi òkun, tó fi ewé dí lẹ́nu, tó gbé wálé. Gbogbo agboolé wa ló tọ́ ọ wò. Ìyá àgbà tutọ́ rẹ̀ dànù, ó ní ta ló da iyọ̀ tó báyìí sínú omi ẹni ẹlẹ́ni.

Erékùṣù Gbẹ́rẹ́fù wà lódìkejì ọ̀sà, iwájú rẹ̀ sì ni òkun gan-an wà. A ò sọdá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní èrò pọ̀ jù nídìí ọkọ̀, pé a ó padà wá. A ò padà lọ mọ́.

Iṣẹ́ gbé mi dé Èkó ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, mo bá wọkọ̀ ní Míìlì Tú. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n má lọ: òjò ń rọ̀, ọ̀nà kò dára, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ lásìkò yìí. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà yẹn, a ṣì ń bá kòtò pàdé lórí ẹ̀.

Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíyìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ ní 1845, èmi nìkan ni àlejò. Ẹni tó ń mú èèyàn káàkiri jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ àgbàdo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, kò sì kánjú rárá. Ní oṣù ọdún, ariwo ẹgbẹ́ tó wà níwájú àti ti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ bí pákó ilẹ̀ ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ibi tó mú mi dúró ni agboolé Séríkì Williams Abass, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pa mọ́ sí. Ọmọ Jọ̀gá ni Séríkì fúnra rẹ̀, wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, òun náà sì di ẹni tó ń ta èèyàn. Àwọn ìran rẹ̀ ṣì ń gbé agboolé náà: aṣọ ọmọdé wà lórí okùn, ẹnì kan ń gún ata. Wọ́n sọ fún mi pé yàrá náà jẹ́ 40, pé ogójì èèyàn ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ ẹni tó mú mi wọlé pé kó fi mí sílẹ̀ nínú ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Mo na apá mi láti wọn ògiri sí ògiri, mo wá ń gbìyànjú láti to ogójì èèyàn síbẹ̀ lọ́kàn mi. Mo to wọn ní ìdúró, kò gbà. Mo to wọn ní ìjókòó, kò gbà. Fèrèsé kan ló wà, ó kéré, ó sì ga ju orí mi lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Lọ́jọ́ kejì mo sọdá. Àwa mẹ́rin péré la wà nínú ọkọ̀. Ewé kan bo ojú ọ̀sà, ó tutù yọ̀yọ̀, òdòdó rẹ̀ dà bí àlùkò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lọ́ mọ́ ẹ̀rọ, tí atukọ̀ ní láti gbé e sókè kó fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Lẹ́yìn náà la fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn, a kọjá kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo gbọ́ òkun kí n tó rí i. Òpó méjì ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àìpadàsẹ́yìn yọ sí wa láàárín òjò wínníwínní, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ajá kò sí. Ìgbì òkun ga jù mí lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀.

Mo bu omi sínú ìgò. Mo fẹ́ gbé e fún bàbá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n wà ní Ìyàrà lọ́dọ̀ àbúrò mi báyìí, ọjọ́ Àìkú ni mo máa rí wọn.

Ohun tí mo wá sọ ni pé bí ẹ bá fẹ́ mọ Àgbádárìgì, ẹ má lọ nígbà ọdún.

Yàgbà_Ni_Mí

Àǹtí, okun o. Ẹ kú ewu ọ̀nà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsánlú, mo rò pé ìkíni wa ni wọ́n fi sọ omi yẹn lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tí kò bá fi àmì sí i, bákan náà ló máa kọ ọ́. Okun tiwa, agbára ni. Òkun tiyín, n kò tíì fojú kàn án rí. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo ń gbèrò láti mú ìyàwó mi lọ lẹ́yìn tí a bá ta kaṣú, bí Oṣù Kẹrin. Ṣé ẹ̀yin rò pé kí n sún un dé ìgbà òjò? Èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀?

Ará_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo máa ta kò yín díẹ̀.

Èmi lọ ní Oṣù Keje, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọmọ mi méjì. Ilé ìtura tí a dé sí (n kò ní dárúkọ ẹ̀) ti dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò sí èrò. Wọ́n gba owó wa pé pérépéré, wọn ò tan ẹ̀rọ iná títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ibùsùn ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ẹ̀fọn ò jẹ́ ká sùn. Ní àárọ̀, a lọ sétí omi, atukọ̀ ní òun ò lè gbé èèyàn mẹ́ta, ó di ìgbà tí èrò bá pé. A jókòó láti aago mẹ́sàn-án dé aago kan ọ̀sán. Èrò ò pé. Àwọn ọmọ mi padà dé Ẹ̀gbẹ̀ láìrí òkun.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa yàrá yẹn, ó sì wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹni tó ń kówó jọ fún ọdún kan kó tó lè gbé ìdílé rẹ̀ láti Yàgbà dé Èkó, ẹ má jẹ́ kó lọ jókòó sínú òjò. Ìgbà ọdún nìkan ni ọkọ̀ ń ná, tí oúnjẹ wà, tí ilẹ̀kùn gbogbo ṣí sílẹ̀.

Aya_Ègùn

Ọmọ Mọ̀pà ni mí, Ègùn ni ọkọ mi, ọdún kẹrìnlá mi rèé ní Àgbádárìgì. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ó dùn mọ́ mi pé ará ilé mi ń sọ̀rọ̀ ilé ọkọ mi.

Kí n kọ́kọ́ dá àbúrò mi ará Ìsánlú lóhùn: ẹ má ṣe wọ inú òkun yẹn. Ní oṣù kankan. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́ ní Kérésì, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́yìn Kérésì. Etíkun tiwa kò ní ibi tí ó rọra ń jìn. Ìgbì á fọ́ lójú ẹsẹ̀ rẹ, omi tó ń padà á sì wọ́ ẹ lọ lábẹ́. Láti Oṣù Karùn-ún dé Oṣù Kẹsàn-án ló máa ń le jù. Ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn ní ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí òtútù ti mú lásìkò yẹn, ló ń ti ìgbì wá bá wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè dúró sí Gbẹ́rẹ́fù láìsí atẹ́gùn rárá, kí òkun sì máa ró bí àrá. Nínú ọ̀sà ni kí ẹ wà, kí ẹ sì gba jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Bí atukọ̀ bá ní kò sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ewé tí ẹ̀gbọ́n rí, kì í ṣe ojúoró àwọn bàbá wa, èyí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth ni. Ọdún 1984, nínú Oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ọ̀sà wa. Ó gba ọ̀nà omi láti Àjàṣẹ́ wọlé, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Kò fẹ́ràn iyọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ á pa ewé náà, ojú omi á mọ́. Bí òjò bá ti dé, odò Yewa á kún, omi ọ̀sà á dùn, ewé á tún padà. Ìyá ọkọ mi kì í wo kàlẹ́ńdà. Bí ó bá ti tọ́ omi wò létí ọ̀sà, ó ti mọ oṣù tí a wà.

Ará Ẹ̀gbẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣe yín yẹn, ó dùn mí. Ẹni tó bá ń bọ̀ lójò, kó dé ìdí ọkọ̀ ní kùtù, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí àwọn obìnrin erékùṣù ń sọdá pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọkọ̀ wọn ni kó bá lọ. Kò sí ìgbà tí kì í sí èrò lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Ègùn nìkan ni ẹ máa gbọ́ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú. Oṣù ọdún tí ẹ ń wí yẹn, àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kì í sinmi. Gbogbo nǹkan ló ń wọ́n, gbogbo wa là ń tà. Ìgbà òjò ni mo máa ń rí ọkọ mi jókòó.

Ọmọ_Oníṣu (Kàbà)

Àǹtí Aya_Ègùn, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin ni mo nílò kí n tó lọ! Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ wa tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ sórí ẹsẹ̀, ó bi mí ibi tí mo ti wá. Mo ní Kàbà. Ó ní ṣé ní apá ibi tí iṣu ti ń wá ni? Iṣu tuntun mẹ́ta wà nínú àpò mi, mo mú ọ̀kan fún un. Ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ.

Ará Ẹ̀gbẹ̀, mi ò ta kò yín lórí ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ọmọ yẹn yẹ kí wọ́n rí òkun.

Tísà_Ìyàrà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kọ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n yín tó to èèyàn sínú yàrá yẹn lọ́kàn rẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé ọ̀rọ̀ etíkun ni òwò ẹrú, pé àwa tí a wà lókè, láàárín àpáta, kò bá wa tan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà, ọmọ Jámánì, Koelle ni orúkọ rẹ̀, míṣọ́nnárì CMS ni. Ó gbé Freetown láti 1847 dé 1853. Freetown ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lójú òkun lọ. Koelle pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ń pe orí, báwo lẹ ṣe ń pe omi, báwo lẹ ṣe ń pe ilé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854. Nínú àwọn èdè tó kọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa rí Yàgbà, ẹ máa rí Ìjùmú, ẹ máa rí Ọ̀wọ̀rọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a ṣe ń sọ wọ́n.

Ọmọ wa ni wọ́n. Ẹnì kan rìn láti ilẹ̀ Ìjùmú yìí dé etí omi, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó sì dé Freetown, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pe omi kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. N kò lè sọ pé Àgbádárìgì ni ó gbà, ọ̀nà tó lọ sí òkun pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá dé ibi tó jọ bẹ́ẹ̀, èmi a máa kí wọn. Mo máa ń sọ pé okun o, ní ohùn rara.

Kíkó tí wọ́n ń kó wa kò sì tán nígbà yẹn. Àwọn ẹlẹ́ṣin láti Bídà ń wọ ilẹ̀ wa títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìlú wa fi sá gun orí òkè. Ní Oṣù Kìíní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kàbà, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà lóṣù kan náà. Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Kò jẹ́ kí a fọn fèrè lálẹ́ títí ó fi kú.

Ọmọ_Bùnú

Bàbá, ẹ ṣé o. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á fún ìyá mi.

Ṣé Àjàyí Crowther náà dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Ẹnì kan sọ fún mi ní Lọ́kọ́ja pé ọkùnrin kan náà tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbi tí omi méjì ti pàdé ni.

Tísà_Ìyàrà

Ọkùnrin kan náà ni, ọmọ mi. Òṣogùn ni wọ́n ti mú un ní 1821, wọ́n já a gbà lójú òkun ní 1822, wọ́n sì kó o lọ sí Freetown yẹn kan náà. Ó dé Àgbádárìgì ní 1845 pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, àwọn míṣọ́nnárì CMS, kí òun àti Townsend tó kọjá sí Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ odò Ọya, ní Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́ja. Igi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1842, tí wọ́n ń pè ní Agia, ti wó ní 1959, òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀. Ẹ rọra dúró níbẹ̀ bí ẹ bá lọ.

Ará_Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá Tísà, ẹ ti yí mi lọ́kàn padà. Mo máa tún kó àwọn ọmọ yẹn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, màá sọ fún wọn pé a fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé wa.

Aya_Ègùn, ọjọ́ wo ni ọjọ́ ọjà?

Aya_Ègùn

Ọjọ́ máa ń yí kiri. Bí ẹ bá ti mú ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, màá bá yín kà á. Ilé wa ni ẹ máa sùn. Ẹ̀fọn wà, àpò ẹ̀fọn náà wà.

Ọmọ_Oníṣu (Kàbà)

Mo ti Ìyàrà dé nírọ̀lẹ́ yìí.

Bàbá mi jókòó lábẹ́ màńgòrò nígbà tí mo dé. Mo fi ìgò náà sí wọn lọ́wọ́, mi ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n mì í. Wọ́n gbé e súnmọ́ etí. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá ki ìka kan bọ ẹnu ìgò, wọ́n fi lá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Iyọ̀ ẹ̀ ò dín."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn: yàrá, ewé, ìyá tó gba iṣu, òpó méjì nínú òjò. Mo ka ohun tí Bàbá Tísà kọ fún wọn, wọ́n ní kí n tún ibi Ìjùmú kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo sọdá. Mo ní mo sọdá, pé èrò ò sí nídìí ọkọ̀ rárá, kò rí bí i ti ọjọ́ tiwa.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe èrò ló dá wa dúró lọ́jọ́ náà. Owó tó kù lọ́wọ́ mi ò tó ọkọ̀ èèyàn méjì. O ti ń wo àgbọn yẹn láti àárọ̀, mo bá rà á fún ẹ."